Ọmọ Olóṣèlú Nínú Ọ́fíìsì Ìgbàwọlé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Yaba

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí dá lórí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀) ní ayé ìṣèlú àkọ́kọ́, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti alákòóso ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní agbègbè Yaba. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni n ó máa pè wọ́n, Bàbá ni n ó sì máa pe òbí wọn. Akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo kọ, yàtọ̀ sí ìtàn ìgbà èwe tí àwọn fúnra wọn sọ fún mi. Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà gbé dìde ni èyí: kí ni ọmọ olórí yóò ṣe nígbà tí àwọn tí wọ́n jìyà nítorí bàbá rẹ̀ bá wá béèrè èrè ìyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ọ́fíìsì tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀?

Ilé Bàbá wà ní Ebute-Metta, kò jìnnà sí Oyingbo, ṣùgbọ́n ìlú wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń ṣojú fún ní Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, Bàbá wà lára àwọn tí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n mú ọmọ wá, kí wọ́n sì fara da owó orí tí ó bá ètò náà rìn. Ilé náà kì í ṣófo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa sùn sí pálọ̀, ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa se oúnjẹ fún àwọn tí wọn kò mọ orúkọ wọn, ó sì di àṣà ilé pé àwọn ọmọ onílé ni wọ́n ń jẹun kẹ́yìn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, lẹ́yìn ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Aṣòfin náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso, wọ́n sì fi òfin de ọ̀pọ̀ olóṣèlú mọ́ ojú kan. Bàbá wà lára wọn. Kò pẹ́ tí pálọ̀ fi ṣófo. Àwọn tí wọn kò lọ kò ju awakọ̀ Bàbá, tí ó ń ṣiṣẹ́ nìṣó láìgba owó oṣù, àti ìyá kan tí ń ta ata ní Oyingbo, tí ó ń gbé ohun tí kò tà tán wá fún ọbẹ̀ ilé náà. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1965 sì di ogun láàárín Ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ara ilé àti ara ènìyàn, wọ́n lu ọmọ awakọ̀ yìí ní ìlú Bàbá títí apá rẹ̀ fi kán. Apá náà kò tọ́ mọ́ títí ó fi dàgbà. Ìdílé awakọ̀ yìí ni a ó tún bá pàdé níwájú.

Ọdún 1965 yẹn kan náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó ṣílẹ̀kùn, lórí ẹni tí yóò jẹ gíwá, ìyẹn olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò tún Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku yàn fún sáà kejì, wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíòbákú rọ́pò wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìṣèlú àti ti ẹ̀yà, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọ̀bẹ gún gíwá tuntun náà. Ọmọdé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé kò sí ògiri kankan láàárín ìṣèlú àti ilé-ẹ̀kọ́ bí kò ṣe èyí tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá fi ọwọ́ ara wọn mọ.

Ìmọ̀ ìtàn ni wọ́n yàn láàyò. Wọ́n kọ ìwé ọ̀mọ̀wé wọn lórí ọjà àti ilẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ìtàn ìṣèlú. Orúkọ ọkọ ni wọ́n fi gba iṣẹ́. Ní ọdún 1978, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde lórí owó oúnjẹ tí ìjọba ológun fi kún, ìjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ali Must Go (Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà), tí ìbọn àwọn agbófinró sì pa Akintunde Ojo ní Yunifásítì Èkó, wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ kékeré. Wọ́n rí i bí ìjọba ṣe yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ade Ajayi, onímọ̀ ìtàn tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, kúrò ní ipò gíwá lẹ́yìn ìjà náà. Lẹ́yìn ọdún 1986, tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba ológun, sọ owó oṣù olùkọ́ di ohun tí kò tó ra àpò ìrẹsì mélòó kan, ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó lọ sí òkè òkun. Wọ́n dúró.

Fífi orúkọ ọkọ bo orúkọ Bàbá ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń wá sí ọ́fíìsì wọn bí kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ikú Bàbá ní àárín àwọn ọdún 1990 ni ó fòpin sí i. Nígbà tí wọ́n ń sin Bàbá sí itẹ́ òkú Àtàn ní Yaba, àwọn àgbà olóṣèlú wá, àwọn oníwèé ìròyìn ya àwòrán gbogbo ọmọ olóògbé, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ sì wà lábẹ́ àwòrán wọn. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí fákọ́tì dìbò yàn wọ́n sí ipò díìnì, olórí fákọ́tì. Àwọn kan sọ ní gbangba pé orúkọ Bàbá ló gbé wọn débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dìbò kò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ títí di ọjọ́ ìsìnkú. Fífi orúkọ pamọ́ wá di ẹ̀sùn: àwọn tí kò fẹ́ràn wọn ní ó ní ohun tí wọ́n ń bò.

Ẹni tí kò bá mọ bí ìgbàwọlé ṣe ń lọ nígbà náà kò ní mọ ìdí tí èrò fi kún ẹnu ọ̀nà díìnì. JAMB, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìgbàwọlé, ló ń ṣe ìdánwò láti ọdún 1978 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba àpapọ̀ pín àyè ìgbàwọlé sí mẹ́rin: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ìdá 30 fún àwọn ọmọ agbègbè ilé-ẹ̀kọ́, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀, ìdá 10 tí ó kù sì wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ láti fún ẹni tí ó bá wù wọ́n. Ìdá 10 yìí ni gbogbo ayé ń wá. Gíwá ló ni ín lórí ìwé, àmọ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ ni pé díìnì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, àti pé ọmọ Bàbá kò lè sọ pé òun kò ní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Ebute-Metta, láti Mushin, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti gbé Bàbá lé èjìká rí a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀, wọn a sì máa sọ ìtàn ìyà wọn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá. Wọn kò parọ́. Òmíràn pàdánù iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ nítorí ẹgbẹ́, wọ́n sì jó ilé òmíràn níná. Baba kan wò mí lójú, ó ní, “Akọ̀wé, sọ fún ọmọ wa pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ.” N kò rí èsì kankan fún un.

Ọ̀nà kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà ni pé wọ́n kọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n pàṣẹ fún èmi àti ìránṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dárúkọ Bàbá, kí a dá a padà láìjẹ́ kí ó wọlé. Lójú tiwa, àṣẹ náà mọ́ tónítóní. Ó dá àwọn alátakò lẹ́nu dúró fún ìgbà díẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì fúyẹ́. A rò pé a ti yanjú ọ̀rọ̀.

Ní sáà kejì lábẹ́ àṣẹ yìí, ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Máàkì rẹ̀ ju èyí tí a ń béèrè lọ dáadáa. Àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ lórí ìwé èsì JAMB ti rí orúkọ wọn lára pátákó, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ nítorí pé fáìlì rẹ̀ ti sọnù láàárín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìgbàwọlé. Ẹ̀sùn tí ó yẹ kí a gbọ́ ni ó gbé wá. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa gbà ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú ẹni ńlá: ó ki Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó dárúkọ Bàbá, ó sì sọ ilé tí àwọn ti wá. Ìránṣẹ́ ṣe ohun tí a pàṣẹ fún un. Ó dá wọn padà kí ìyá náà tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ fáìlì wà. Wọ́n padà wá, ó tún dá wọn padà. Ọdún yẹn kọjá lórí ọmọ náà.

Ọmọ-ọmọ awakọ̀ yẹn ni. Ọmọ awakọ̀ tí wọ́n ṣẹ́ lápá ní ọdún 1965 ni ó bí i.

Ibi ayẹyẹ ìgbéyàwó kan ní Surulere ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbọ́, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n wọn. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí n wá fáìlì náà kàn. Mo rí i lábẹ́ àpótí ìwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí ó dùn wọ́n jù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ni pé kò sí ẹnì kankan nínú àwọn olówó àti àwọn ọmọ kọmíṣọ́nnà tí àṣẹ wọn dá dúró ní tòótọ́. Àwọn yẹn kì í gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Tẹlifóònù ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ga ju díìnì lọ. Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn ju ẹnu ọ̀nà lọ nìkan ni ilẹ̀kùn tí a tì náà tì síta.

Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ kókó gbogbo ìtàn náà, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso dúró lórí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ojúsàájú kan ọmọ olórí, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn rẹ̀ ni láti le koko, gbogbo ènìyàn yóò sì yìn ín fún líle náà. Àmọ́ ẹni tí ó dárúkọ Bàbá láti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ àti ẹni tí ó dárúkọ Bàbá láti ki ènìyàn kí ó tó béèrè ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúkọ nìkan ni a ń gbọ́, a kò gbọ́ ẹ̀sùn. Bí orúkọ bá lè ti ilẹ̀kùn, orúkọ náà ṣì ń ṣàkóso ọ́fíìsì.

Ọ̀nà kẹta ni wọ́n wá fi ìfarabalẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dá orúkọ Bàbá padà mọ́ orúkọ wọn lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àti lórí lẹ́tà gbogbo. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, àpẹẹrẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni wọ́n fún mi. Àwọn náà jẹ́ ọmọ ìdílé tí ó ń bá ìjọba jà ní gbangba, àwọn sójà sì ti kọ lu ilé àbúrò wọn Fẹlá ní ọdún 1977, síbẹ̀ orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n fi kọ́ni nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, òun náà ni wọ́n sì gbé wọ ipò mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, tí wọ́n fi tan ìtọ́jú alábọ́dé dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹni tí ó bá gbé orúkọ rẹ̀ síta ló lè sọ pé òun yóò jáde kúrò nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan orúkọ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ìwé ńlá kan, irú èyí tí àwọn oníṣirò owó ń lò. Gbogbo ẹni tí ó bá wá lórí ìgbàwọlé, ì báà jẹ́ ìbátan, ì báà jẹ́ àjèjì, ni a ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó ń béèrè, ẹni tí ó rán an wá, àti èsì tí a fún un. Fún ẹ̀sùn lórí fáìlì tí ó sọnù tàbí máàkì tí a ṣì kọ, a ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, tí kò sí ẹni tí a lè dá padà. Nígbà tí orúkọ ẹni tí ó bá tan mọ́ ilé Bàbá bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbàwọlé fákọ́tì, igbákejì wọn ni yóò jókòó sí àga, Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò jáde, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n jáde. Ọmọ-ọmọ awakọ̀ náà gba àyè rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e báyìí, lórí máàkì rẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èyí kò tíì kan gbèsè Bàbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sọ rí pé gbèsè náà kò sí. Wọ́n ní ilé ni wọ́n ti jẹ ẹ́, ilé ni wọn yóò ti san án. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń gba àlejò ní Ebute-Metta, nínú pálọ̀ Bàbá gan-an. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ kún fọ́ọ̀mù JAMB, tí wọ́n ń bá wọn wá olùkọ́ ìṣirò, tí wọ́n sì ń fi owó ara wọn àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn san owó ìdánwò WAEC fún ọmọ tí kò ní. Àwọn àgbàlagbà kan bínú, wọ́n ní ọmọ náà ń fún àwọn ní ẹyọ owó nígbà tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn obìnrin ọjà, tètè gbà. Mo lọ síbẹ̀ nígbà mélòó kan, mo sì rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ jù ni kí ẹnì kan láti ilé yẹn fetí sí wọn kí ó sì mọ orúkọ wọn.

Ìdánwò tí ó le jù lọ dé nígbà tí ìjọba alágbádá padà ní ọdún 1999. Aláṣẹ kan nínú ìjọba tuntun, tí bàbá tirẹ̀ àti Bàbá ti jọ wà ní àhámọ́ ní ọdún 1962, fẹ́ kí a gba ọmọ kan tí máàkì rẹ̀ kò tó sí fákọ́tì wa. Ó wá fúnra rẹ̀, ó bọ̀wọ̀, ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n sì gbé ìwé ńlá náà sí iwájú rẹ̀ pé kí ó kọ ohun tí ó ń béèrè síbẹ̀, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, ó bo bíírò lórí, ó dìde, ó dágbére. Kò kọ nǹkan kan. Nígbà tí ipò gíwá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára àwọn mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Wọn kò yàn wọ́n. N kò lè fi ẹ̀rí hàn pé ìwé náà ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ṣe iyèméjì.

Ohun tí ìwé náà fún wọn ní àpadàbọ̀ hàn nígbà tí àwọn aṣojú NUC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó àwọn yunifásítì, wá ṣàyẹ̀wò àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Fákọ́tì wa nìkan ló lè sọ, fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ìka tọ́ka sí, ọ̀nà tí ó gbà wọlé àti ẹni tí ó jókòó sí àga lọ́jọ́ náà. Àwọn fákọ́tì mìíràn ń wá fáìlì kiri.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó gba ipò lọ́wọ́ wọn kò tẹ̀ síwájú nínú ìwé náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn rò pé ọmọ olórí nìkan ni ó nílò irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Láàárín sáà díẹ̀, àwọn ará ìjọ rẹ̀ àti àwọn ará ìlú rẹ̀ ti kún bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àṣìṣe tí ó wà ní apá tiwa ni pé a fi ìlànà náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ẹnì kan, a kò gbé e lọ sí sẹ́nétì ilé-ẹ̀kọ́ kí ó di òfin.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí lónìí, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni àṣẹ tí ẹ pa fún ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Òun ló ń pinnu ẹjọ́ tí yóò dé iwájú yín, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ya ìkíni sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ohun tí àlejò bá wá fún kí ó tó béèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹ má sì ṣe fi jíjáde kúrò nínú yàrá mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó jókòó dípò yín, kò ní dáàbò bo yín lọ́jọ́ tí ẹ̀sùn bá dé.

Ìgbàwọlé fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ìpín àwọn aláṣẹ ti kúrò nínú ìlànà, ó ti di 45, 35 àti 20, láti ọdún 2017 sì ni JAMB ti ń lo ètò CAPS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò jẹ́ kí àyè tí díìnì lè fi ọwọ́ tì pọ̀ bí i ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àlejò kò tíì tán. Yàrá họ́sítẹ́lì ni wọ́n ń wá báyìí, àti ìyípadà kóòsì lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, níbi tí kò sí máàkì ìdánwò kankan tí ènìyàn lè gbé síta láti fi gbèjà ara rẹ̀. Ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ni ó yẹ kí ìwé ńlá náà wà nísinsìnyí, pẹ̀lú àṣẹ sẹ́nétì àti ti ìgbìmọ̀ aláṣẹ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tí ó bá wà lórí àga ó máa bu ọwọ́ lù ú, ọmọ ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́.